Agbára Nínú Àwòrán

Kò sí ẹni tí kò mọ agbára, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó fi ojú rí i rí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni à ń rí: igi ìrókò tí ìjì fà tu, òkúta tí omi jẹ títí ó fi dán, irin tí iná sọ di omi. Nítorí èyí ni iṣẹ́ ẹni tí ó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ ya àwòrán agbára fi ṣòro ju ti ẹni tí ń ya ọkọ àti ìyàwó ní ọjọ́ ìgbéyàwó. Àwọn agbẹ́gilére ilẹ̀ Yorùbá ti bá ìṣòro yìí pàdé kí ẹ̀rọ àwòrán tó dé. Wọn kò gbẹ́ ààrá. Oṣé Ṣàngó ni wọ́n gbẹ́, tí í ṣe àáké olójú méjì, nígbà púpọ̀ lórí ènìyàn tí ó kúnlẹ̀. Ẹni tí ó bá wo ère náà yóò mọ bí ẹrù náà ti wúwo tó. Òfin kan fara sin síbẹ̀: ohun tí a kò lè fi ojú rí, ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni a fi ń wọ̀n ọ́n.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ti so agbára ojú ọ̀run pọ̀ mọ́ ti ilé iṣẹ́, nítorí iná mànàmáná ni à ń pe iná tí ń yí ẹ̀rọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tí ń fi ọ̀dà ya àwòrán ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fi ń ya mànàmáná bí eyín ayùn. Ní ìlú Philadelphia, William Jennings pinnu láti fi ẹ̀rọ wádìí bóyá òtítọ́ ni. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1882, ó rí i mú. Kò sí eyín ayùn nínú àwòrán rẹ̀ rárá. Ohun tí ó hàn dà bí gbòǹgbò igi tí ó ya sí ẹ̀ka púpọ̀. Ọgbọ́n iṣẹ́ náà kò le títí di òní: ní òru, a ó gbé ẹ̀rọ ka orí ẹsẹ̀ mẹ́ta, a ó ṣí ojú rẹ̀ sí ìhà tí ìjì wà, a ó sì dúró. Òkùnkùn kò ní kọ ohunkóhun sórí fíìmù. Mànàmáná ni yóò fi ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀ ya ara rẹ̀.

Ti omi yàtọ̀. Bí a bá ṣí ojú ẹ̀rọ fún ìdá 1 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá, ìtàkìtì omi yóò dúró gbagidi, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan yóò sì hàn bí ìlẹ̀kẹ̀. Bí a bá ṣí i fún odidi ìṣẹ́jú àáyá 1 tàbí 2, omi kan náà yóò rí bí òwú tí a nà. Àwòrán kìíní fi ìkọlù hàn, èkejì fi ìṣàn hàn. Ojú ènìyàn kò rí èyíkéyìí bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ a kò lè pe ọ̀kankan ní irọ́.

Nígbà tí Margaret Bourke-White wọ ilé iṣẹ́ irin Otis ní ìlú Cleveland, ní ìgbà òtútù tí ó so ọdún 1927 pọ̀ mọ́ 1928, ìṣòro mìíràn ni ó bá níbẹ̀. Irin tí ó yọ́ ń pọ́n bẹ̀lẹ́jẹ́, ooru rẹ̀ ń jó ni lójú. Síbẹ̀ òkùnkùn ni fíìmù rí. Ìdí ni pé ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró ni fíìmù tí ó ń lò mọ̀ jù; ìmọ́lẹ̀ pupa kò fi bẹ́ẹ̀ hàn sí i. Iná magnesium, tí ó funfun láúláú, ni wọ́n tàn kí àwòrán tó jáde. Ohun tí ó lágbára lójú ènìyàn lè jẹ́ aláìlágbára lójú ẹ̀rọ. Iná ni wọ́n fi wá iná.

Obìnrin yìí kan náà ni ó ya àwòrán iṣẹ́ ìdídò Fort Peck, lórí odò Missouri, tí ó wà lẹ́yìn ìwé ìròyìn Life àkọ́kọ́, ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 1936. Àwọn òpó ńláńlá tò bí odi ìlú àtijọ́; ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni ènìyàn 2 wà, wọ́n kéré bí èèrà. Bí a bá fi ìka bò wọ́n, a kò ní mọ̀ bóyá òpó wọ̀nyí ga bí òkè tàbí bí àpótí. Àwọn ni òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá sọ di òṣùwọ̀n, a ti gba ojú àti orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1938, apá kan ìdídò náà ya lulẹ̀, òṣìṣẹ́ 8 sì kú. Lóòótọ́, inú ìwé ìròyìn kan náà ni Bourke-White ti fi ìgbé ayé àwọn òṣìṣẹ́ náà hàn. Ṣùgbọ́n àwòrán ẹ̀yìn ìwé ni ayé rántí.

Lewis Hine gba ọ̀nà mìíràn. Láti ọdún 1908 ni ó ti ń fi àwòrán jà fún àwọn ọmọdé tí a ń kó ṣe iṣẹ́ àgbà ní ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1920, ó ya òṣìṣẹ́ kan tí ó tẹ̀ba níwájú ẹ̀rọ, tí ó fi sípánà ńlá dì í mú. Ẹ̀yìn ọkùnrin náà tẹ̀ bí ẹ̀rọ náà ti tẹ̀, iṣan apá rẹ̀ sì yọ. Níhìn-ín, ènìyàn kì í ṣe òṣùwọ̀n agbára mọ́; òun gan-an ni orísun rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí Nàìjíríà. Odò Ọya, tí Yorùbá fi orúkọ aya Ṣàngó pè, ni a dí ní Kàíńjì láàárín ọdún 1964 sí 1968 láti fi fa iná mànàmáná. Ẹni tí ó bá ya ògiri ìdídò náà yóò mú agbára wálé. Ṣùgbọ́n ìlú Bussa àtijọ́ wà lábẹ́ adágún tí ó wà lẹ́yìn ògiri náà, àwọn ará ibẹ̀ sì ti ṣí lọ sí Bussa Tuntun. Àwòrán kan ṣoṣo kò lè gba gbogbo èyí. Nítorí náà, ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń wo àwòrán agbára bi í ní ìbéèrè méjì: kí ni a fi wọn agbára yìí, àti ta ni ó wà lábẹ́ rẹ̀? Agbẹ́gilére tí ó gbé oṣé ka orí ènìyàn kò fi ìkejì pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.