Sáfà yára, switch ń wọ́: ohun tó yẹ kí ẹ wò kí ẹ tó sanwó

Láti ọdún 2015 tí àjọ JAMB ti pa ìdánwò orí pépà tì pátápátá, kò sí gbọ̀ngàn ìdánwò tó lè ṣe é láìní sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà àgbà tó ń pín iṣẹ́ fún àwọn tó kù. Ẹni tí owó tuntun bá ga jù fún, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, a máa gba Computer Village ní Ìkẹjà lọ, kó lọ ra tòkunbọ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti lè bẹ̀rẹ̀. Sáfà tí ilé iṣẹ́ ńlá ti lò lókè òkun, ihò nẹ́tíwọ́ọ̀kì ara rẹ̀ lè jẹ́ ti gígábíìtì 10 tàbí 25 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Switch inú gbọ̀ngàn (èyí tó ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni o, kì í ṣe ti iná) lè jẹ́ ti gígábíìtì 1 péré. Wọ́n á so méjèèjì pọ̀, iná kékeré ẹnu ihò náà ò ní tàn, wọ́n á ní sáfà ti bàjẹ́. Ó lè má bàjẹ́ rárá.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu ihò yẹn. Tó bá jẹ́ RJ45, irú èyí tí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì lásán ń wọ̀, ẹ fọkàn balẹ̀. Méjèèjì á bára wọn sọ̀rọ̀, èyí tó yára á sì rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ sí gígábíìtì 1. Àfi tí switch bá ti gbó débi pé mẹ́gábíìtì 100 ló ń lò. Àwọn káàdì gígábíìtì 10 kan kì í sọ̀kalẹ̀ débẹ̀.

SFP ni iṣẹ́ wà. Ihò onírin ni, kì í gba wáyà lásán, ó nígbà tí wọ́n bá ki module bọ̀ ọ́. SFP+ jẹ́ ti gígábíìtì 10. Púpọ̀ nínú wọn ń gba module gígábíìtì 1, àwọn kan ò gbà. SFP28 jẹ́ ti 25. Ó sábà máa ń sọ̀kalẹ̀ sí 10, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kì í dé 1. Wọ́n jọra bí ìbejì, module á wọlé wẹ́rẹ́, síbẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́. Ẹ gba nọ́ńbà káàdì náà, kí ẹ fi wo ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ẹ má gba "ó máa ṣiṣẹ́" lẹ́nu ẹni tó ń tajà.

Ẹni tó ti rà á ńkọ́? Kó wo ẹ̀yìn sáfà náà dáadáa. Ọ̀pọ̀ ló tún ní ihò RJ45 gígábíìtì 1 láti ilé. Bí kò bá sí, káàdì gígábíìtì 1 kò wọ́n. Èyí tó sàn jù fún gbọ̀ngàn oníkọ̀ǹpútà 250 ni switch tí ihò rẹ̀ púpọ̀ jẹ́ gígábíìtì 1, tó sì ní SFP+ méjì tàbí mẹ́rin. Sáfà á wọ SFP+, àwọn tó kù á wọ gígábíìtì 1.

Àwọn mìíràn máa ń so wáyà gígábíìtì 1 mẹ́rin pọ̀ láti sáfà sí switch. Ó dára, bí switch bá gbà á. Àmọ́ bí aṣọ òfì ni: a lè rán tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin pọ̀ kó fẹ̀, òwú inú ọ̀kan ò tìtorí ìyẹn kọjá sínú èkejì. Fáìlì kan ṣoṣo kò ní yára ju gígábíìtì 1 lọ. Ìgbà tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà bá jọ ń fa nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà ni àǹfààní rẹ̀ ń hàn.

Bí sáfà àti switch kò bá ríra lọ́jọ́ ìdánwò, ọmọ tó jí láàárọ̀ kùtù wá láti Òkèhò tàbí Ìgànná kò ní rí ìbéèrè kan lójú kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, bó bá ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n tan gbogbo kọ̀ǹpútà inú gbọ̀ngàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí gbogbo wọn jọ bèèrè nǹkan lọ́wọ́ sáfà. Méjì tàbí mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ geere kò tíì fi nǹkan kan hàn.