Iṣẹ́ Ọwọ́ àti Ìmọ̀ Orí: Ẹ̀kọ́ Oníṣẹ́ Àkànṣe ní Ilé-Ìwé Girama

Ọ̀nà méjì ni ọmọ ènìyàn fi ń gba ìmọ̀: a lè sọ nǹkan fún un, ó sì lè ṣe nǹkan náà fúnra rẹ̀. Ilé-ìwé tí òyìnbó gbé wá fara mọ́ ọ̀nà kìn-ín-ní; ilé àgbẹ̀dẹ, ilé aró àti ilé ahunṣọ fara mọ́ èkejì. Ọmọ tí a mú lọ kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ kì í jókòó kọ ìtumọ̀ irin sínú ìwé. Ẹwìrì ni ó kọ́kọ́ ń fín. Ibẹ̀ ni ó ti ń mọ àwọ̀ iná, tí ó sì ń mọ ìgbà tí irin tó lù. Bí ó bá ṣe àṣìṣe, irin ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un kí ọ̀gá rẹ̀ tó sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ tí ó bá gba òmìnira, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí rẹ̀.

Ìlànà kan wà tí ó ń wá ọ̀nà láti so méjèèjì pọ̀. Ẹ̀kọ́ oníṣẹ́ àkànṣe ni a lè pè é. Pùrójẹ́ẹ̀tì ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pe iṣẹ́ náà. Olùkọ́ yóò gbé ìṣòro gidi kan síwájú àwọn ọmọ. Wọn yóò pín sí ẹgbẹ́, wọn yóò wádìí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọn yóò ṣe nǹkan kan tí ojú rí, wọn yóò sì dúró níwájú ènìyàn láti ṣàlàyé rẹ̀. John Dewey, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, dá ilé-ìwé kan sílẹ̀ ní Yunifásítì Chicago ní 1896, níbi tí àwọn ọmọ ti ń se oúnjẹ, tí wọ́n ń hun aṣọ, tí wọ́n sì ń gbẹ́ igi láti fi kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. William Heard Kilpatrick, tí ó tẹ̀lé ipasẹ̀ rẹ̀, kọ àròkọ kan ní 1918 tí ó sọ ìlànà náà di mímọ̀ káàkiri.

Bí a bá ń wá ibi tí a ti lè wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa ní ilẹ̀ wa, Sábó ní Yábàá ni kí a lọ. Àdúgbò ilé-ìwé ni Yábàá láti ọjọ́ pípẹ́. Ibẹ̀ ni Higher College wà láti 1932 títí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé náà fi ṣí lọ sí Ìbàdàn ní 1948. Ibẹ̀ ni Yaba College of Technology ti bẹ̀rẹ̀ ní 1947. Láti 2011 ni ilé iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tí à ń pè ní Co-Creation Hub ti wà ní ojú ọ̀nà Herbert Macaulay ní Sábó. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ, 2016, Mark Zuckerberg, olùdásílẹ̀ Facebook, yà síbẹ̀, ó sì bá àwọn ọmọdé tí wọ́n ń fi ìsinmi wọn kọ́ bí a ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Àlejò náà ni gbogbo ayé ń sọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà ni ó yẹ kí olùkọ́ wò. Ẹni tí ó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà dà bí ọmọ alágbẹ̀dẹ: bí ó bá ṣi àmì kan kọ, ètò náà kò ní ṣiṣẹ́. Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀, kò sì sí àkọ́sórí. Àfi kí ó padà lọ wá ibi tí ó ti ṣìnà.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan. Kí a fi gọ́tà tí ó ń kún nígbà òjò ṣe àpẹẹrẹ. Bí olùkọ́ bá bi kíláàsì rẹ̀ pé, 'Kí ló dé tí omi kì í fi lọ?', àwọn ọmọ yóò wọn jíjìn àti fífẹ̀ gọ́tà náà, ìṣirò nìyẹn. Wọn yóò wo ìdin ẹ̀fọn inú rẹ̀, ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí nìyẹn. Wọn yóò fi Yorùbá bi àwọn ìyá ọlọ́jà ní ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí, wọn yóò sì fi Gẹ̀ẹ́sì kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀. Ọmọ tí ó bá ṣe èyí yóò mọ̀ pé ìmọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo ohun tí a pín sórí tábìlì àkókò iṣẹ́. Yóò mọ bí a ti ń bá ẹgbẹ́ ṣiṣẹ́, nítorí àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Yóò sì mọ bí a ti ń bá àgbà sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù àti láìṣàfojúdi.

Ẹ̀rí èyí kò jìnnà. Ní 2018, àwọn ọmọbìnrin márùn-ún láti ilé-ìwé Regina Pacis ní Onitsha gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje Technovation fún àwọn ọmọdé ní San Francisco, pẹ̀lú ètò orí fóònù kan tí ó ń fi ayédèrú oògùn hàn. Ní oṣù kọkànlá 2012, àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin, tí ọjọ́ orí wọn kò ju 14 àti 15 lọ, gbé ẹ̀rọ amúnáwá kan wá sí ìpàtẹ Maker Faire Africa ní Èkó. Ìtọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é: wọ́n fi iná mànàmáná ya gáàsì haidirójìn kúrò nínú rẹ̀, gáàsì náà ni ẹ̀rọ ń jó. Wọ́n ní lítà kan a máa mú iná wá fún wákàtí mẹ́fà. Àwọn onímọ̀ tako wọn pé agbára tí a fi ń ya gáàsì náà pọ̀ ju èyí tí a ń rí gbà padà lọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n níbẹ̀ gan-an ni èrè ẹ̀kọ́ wà. Ọmọ tí a bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò tún ní gbàgbé pé agbára kì í ti inú òfo jáde.

Kí ni ìwádìí sọ? Ní Amẹ́ríkà, àbájáde ìwádìí kan tí ó jáde ní 2021 fi hàn pé àwọn ọmọ ilé-ìwé girama tí wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́nà yìí yege nínú ìdánwò àṣekágbá ju ẹgbẹ́ wọn lọ pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 8 nínú 100. Èyí fún àwọn òbí tí ń bẹ̀rù pé eré ni àwọn ọmọ ń ṣe ní ìdáhùn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní 2006, Kirschner, Sweller àti Clark kìlọ̀ pé ọmọ tí kò tíì mọ nǹkan, tí a sì fi sílẹ̀ kí ó máa wádìí fúnra rẹ̀, ẹrù náà yóò wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Àwọn alágbẹ̀dẹ ti mọ èyí tipẹ́: wọn kì í gbé òòlù fún ọmọ ní ọjọ́ kìn-ín-ní.

Ilẹ̀ wa pàápàá ti gbìyànjú. Nígbà tí ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, a kó ẹ̀rọ iṣẹ́ ọwọ́ wá fún àwọn ilé-ìwé. Ní ọ̀pọ̀ ibi, inú àpótí ni wọ́n wà tí ìpẹtà fi bá wọn, nítorí kò sí iná, kò sì sí olùkọ́ tí ó mọ̀ wọ́n lò. Ní 2011 a tún fi iṣẹ́ ọwọ́ 34 kún ẹ̀kọ́ ilé-ìwé girama àgbà. Lóde òní, ewu mìíràn ń bẹ: pùrójẹ́ẹ̀tì tí ó yẹ kí ọmọ ṣe, òbí a fi owó bẹ kápẹ́ńtà, ọmọ kan nínú ẹgbẹ́ a ṣe gbogbo iṣẹ́, àwọn yòókù a sì pín máàkì.

Olùkọ́ ni yóò fi òpin sí èyí. Bí ó bá bèèrè lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan ohun tí ó ṣe, ibi tí ó ti kùnà àti bí ó ti tún un ṣe, kápẹ́ńtà kò ní lè bá a dáhùn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ọmọ ni yóò ṣe iṣẹ́; olùkọ́ ni yóò yan iṣẹ́ tí agbára rẹ̀ ká, tí yóò sì wà nítòsí bí ọ̀gá alágbẹ̀dẹ títí irin yóò fi pọ́n.