Kíndìnrín Yín, Ẹ̀mí Ẹlòmíì: Ta Ló Láṣẹ?

Bí àìsàn kíndìnrín bá wọ ẹbí kan, ìpàdé kan wà tí wọn kì í ríbi yẹ̀ ẹ́ sí. Aláìsàn ti ń lọ ń bọ̀ láàárín Abakpa, nílùú Enugu, àti ilé ìwòsàn ńlá UNTH tó wà ní Ituku-Ozalla. Owó ti ń tán lọ. Dókítà sì ti sọ pé ó máa sàn kí ẹnì kan fún un ní kíndìnrín kan. Gbogbo ojú á wá yí sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ bá yín tú palẹ̀: ṣé ẹnikẹ́ni lè fipá mú yín láti fi ẹ̀yà ara yín gba ẹ̀mí ẹlòmíì là?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí kíndìnrín fúnra rẹ̀. Méjì ló wà lára èèyàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò fi bẹ́ẹ̀ ju ìkúùkù lọ, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, lọ́tùn-ún àti lósì. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa sẹ́ ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n sì da ìdọ̀tí àti omi tó pọ̀jù sínú ìtọ̀. Tí méjèèjì bá daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀rọ ló máa ń bá èèyàn fọ ẹ̀jẹ̀. Dialysis ni àwọn dókítà ń pè é; ìfọ̀jẹ̀ la ó máa pè é níbí. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́, nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń san án ní Nàìjíríà, ìyẹn ló fà á tí ẹlòmíì fi ń ṣe ẹyọ kan níbi tó yẹ kó ti ṣe mẹ́ta.

Ẹni tára rẹ̀ le lè fi kíndìnrín kan ṣoṣo gbé ilé ayé. Nítorí náà ni wọ́n ṣe lè yọ ọ̀kan lára alààyè fún aláìsàn. Ẹni tó fún un yẹn, tí wọ́n ń pè ní donor, olùtọrẹ la ó máa pè é. Ewu ibẹ̀ kéré, àmọ́ ó wà. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà fi hàn pé nínú olùtọrẹ 10,000, nǹkan bíi mẹ́ta ló kú láàárín oṣù mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ẹni tí kò ṣàìsàn ni wọ́n fẹ́ gbé lọ sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ yẹn o. Ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Àṣẹ lórí ara ẹni ni orúkọ ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹ̀yin nìkan lẹ lè sọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí ara yín, kódà tí èyí tẹ́ ẹ bá sọ ò bá dùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹjọ́ tí wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí wáyé ní ìlú Pittsburgh, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1978. Ọkùnrin kan tí mùdùnmúdùn eegun rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́ gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí rẹ̀ lọ sí kóòtù, torí ìbátan rẹ̀ yìí nìkan ni àyẹ̀wò fi hàn pé tirẹ̀ bá a mu, ó sì kọ̀. Adájọ́ John Flaherty bá ẹni tó kọ̀ náà wí, ó ní ìwà rẹ̀ kò ṣeé gbè lẹ́yìn. Síbẹ̀ ó ní òfin ò lè tìtorí ìyẹn fipá gba ohunkóhun lára rẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà tí aláìsàn fi kú. Ọ̀rọ̀ méjì ni adájọ́ yìí sọ lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì rò pé ó tọ̀nà nínú méjèèjì: ẹ lè jẹ̀bi níwájú ẹ̀rí ọkàn yín, kí òfin máà sì láṣẹ láti fọwọ́ kàn yín.

Ẹ jẹ́ ká fi omi ṣàpèjúwe rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Enugu mọ ìyà omi, ẹ mọ bí ọkọ̀ tánkà ṣe ń gbé omi láti 9th Mile wọ̀lú. Ká ní kànga wà nínú ọgbà yín lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, tí aládùúgbò wá ń kanlẹ̀kùn. Ó lè bẹ̀ yín, ó lè bínú, gbogbo àdúgbò lè máa pè yín ní ahun. Kò sáà lè fo ògiri wọlé wá pọn ọ́n. Ibi tí àpèjúwe yìí kù sí ló wá ṣe pàtàkì jù. Ìjọba lè gba ilẹ̀ tí kànga wà lọ́wọ́ yín fún àǹfààní ìlú, kó sì san owó gbà-máà-bínú. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fún un láyè. Ó ń gba owó orí yín, ó sì ń fi ra oògùn fún ẹni tẹ́ ò rí rí. Kò gba kíndìnrín lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bí owó orí, torí ilẹ̀ àti owó jẹ́ ohun tẹ́ ẹ ní, ara yín sì ni ẹ̀yin gan-an.

Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí lọ́dún 2014, jẹ́ kí ààlà yìí hàn kedere. Ó ní ilé ìwòsàn kankan kò gbọ́dọ̀ lé ẹni tí ọ̀ràn pàjáwìrì gbé dé padà. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: òfin lè sọ fún dókítà pé kó dìde kó ṣiṣẹ́, àmọ́ kò lè sọ fún dókítà yẹn kan náà pé kó fa ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ fún aláìsàn.

Tó bá jẹ́ ẹ̀mí tiyín ló wà nínú ewu ńkọ́? Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà ti dáhùn lọ́dún 2001, nínú ẹjọ́ tí ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn dókítà wí ní pẹ̀lú Dókítà Okonkwo: àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé lè kọ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fà sí i lára, kódà bó máa kú. Lọ́dún 2019, ilé ẹjọ́ yìí kan náà sọ pé ìyá ò lè fi ìgbàgbọ́ tirẹ̀ kọ ẹ̀jẹ̀ fún ọmọ ọwọ́ rẹ̀. Ara ọmọ kì í ṣe ara ìyá.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí kíndìnrín, torí ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo Enugu gbọ́. Sẹ́nétọ̀ Ike Ekweremadu ló ń ṣojú Ìwọ̀-Oòrùn Enugu títí di 2023; òun sì ni igbákejì Ààrẹ Ilé Aṣòfin Àgbà láti 2007 sí 2019. Kíndìnrín ọmọbìnrin rẹ̀ ṣàìsàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, wọ́n mú ọ̀dọ́kùnrin ẹni ọdún 21 kan, tó ń fi ọmọlanke ta ẹ̀yà fóònù l'Ékòó, lọ sí ilé ìwòsàn Royal Free nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ní ìbátan ọmọbìnrin náà ni. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fẹ́ san pọ́n-ùn 80,000 fún ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni yàrá dókítà. Onímọ̀ kíndìnrín tó bá ọmọkùnrin yìí sọ̀rọ̀ rí i pé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí i kò fi bẹ́ẹ̀ yé e. Nígbà tó sọ fún un pé iṣẹ́ abẹ náà kò ní wáyé, ìtura hàn lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀dọ́kùnrin yìí sá kúrò nílé tí wọ́n fi í sí, ó sun ìta, ó sì wọ àgọ́ ọlọ́pàá Staines lọ fúnra rẹ̀ lóṣù karùn-ún.

Ní oṣù kẹta 2023, ilé ẹjọ́ Old Bailey dá sẹ́nétọ̀, ìyàwó rẹ̀ Beatrice àti Dókítà Obinna Obeta tó ṣe alárinà wọn lẹ́bi. Wọ́n dá ọmọbìnrin wọn láre. Lóṣù karùn-ún, sẹ́nétọ̀ gba ọdún mẹ́sàn-án àtoṣù mẹ́jọ, ìyàwó rẹ̀ ọdún mẹ́rin àtààbọ̀, Obeta ọdún mẹ́wàá. Òun ni ìdálẹ́bi àkọ́kọ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ara lábẹ́ òfin tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe lòdì sí ìwà ẹrú òde òní lọ́dún 2015. Òfin yìí kò bìkítà bóyá ẹni tí wọ́n mú rìnrìn àjò gbà láti lọ. Ó mọ̀ pé a lè ra “bẹ́ẹ̀ ni” lẹ́nu ẹni tí kò ní nǹkan kan.

Èmi ò ní sọ fún yín pé òbí tó ń wá kíndìnrín fọ́mọ rẹ̀ kò ní àánú lójú. Àánú ló ń mú èèyàn sáré. Ẹni tó ń sáré ló sì máa ń gbàgbé pé ọmọ ẹnì kan ni ọlọ́mọlanke náà.

Níbo wá ni ìyọ̀ǹda tòótọ́ wà? Ó kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ yé olùtọrẹ ohun tí wọ́n máa yọ, ewu rẹ̀ àti ìtọ́jú tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ní èdè tó gbọ́. Owó ò gbọ́dọ̀ sí ńbẹ̀. Òfin 2014 wa fúnra rẹ̀ kà á léèwọ̀ láti ta ẹ̀yà ara. Èyí tó ṣòro jù ni pé kí kíkọ̀ ṣeé ṣe fún un ní ti gidi. Nínú ẹbí, kò sẹ́ni tó máa na pàṣán sí yín. Wọ́n á kàn bi yín pé, “Ṣé ojú rẹ báyìí ni ẹ̀gbọ́n rẹ á ṣe kú?” Lẹ́yìn ìyẹn, ta ló tún lè kọ̀?

Ọ̀nà àbáyọ kan wà tí àwọn ilé ìwòsàn tó mọṣẹ́ ń lò. Wọ́n máa ń pe olùtọrẹ nìkan sínú yàrá, láìsí ẹbí, kí ògbufọ̀ náà má sì jẹ́ ará ilé. Tó bá sọ níbẹ̀ pé òun ò fẹ́, dókítà á jáde sọ fáwọn ẹbí pé kò yẹ fún iṣẹ́ abẹ náà, kò sì ní sọ ìdí rẹ̀. Àwọn kan ní irọ́ nìyẹn. Lójú tèmi, ẹni tí kò fẹ́ kò yẹ lóòótọ́, dókítà ò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, bí wọ́n bá pè yín sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, ẹ lè ní kí wọ́n fún yín láyè láti ronú, ẹ sì lè bèèrè pé kí dókítà rí ẹ̀yin nìkan. Ẹ lè gbà lónìí kẹ́ ẹ kọ̀ lọ́la, títí dìgbà tí wọ́n bá fún yín lóògùn oorun. Tẹ́nì kan bá wá ń fi owó tàbí físà lọ̀ yín nítorí kíndìnrín, ọ̀rọ̀ ti kúrò nínú ìtọrẹ nìyẹn. NAPTIP, àjọ tó ń gbógun ti kíkó èèyàn ṣòwò, ní ọ́fíìsì ní Enugu, wọ́n sì máa ń gba irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀.