Gíga Òpó Láti Ẹ̀yìn Ògiri

Ẹni tó bá ń gba títì Ìdírókò kọjá ní Ọ̀tà á rí ohun gíga lọ́tùn-ún lósì: ihò èéfín ilé iṣẹ́, táǹkì omi, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ògiri àti ọlọ́dẹ ló yí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ká. Bó o bá fẹ́ mọ bí òpó kan ṣe ga tó, wọn ò ní jẹ́ kó o dé ìdí rẹ̀, ká má tíì sọ pé o máa gùn ún.

Òjìji ò lè gbà ọ́. Òjìji òpó inú ọgbà, inú ọgbà ló ń ṣubú sí. Lọ́sàn-án gangan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, orí wa gan-an ni oòrùn máa ń wà ní Ọ̀tà, òjìji á ká sábẹ́ ẹsẹ̀, kò ní sí ohun tí èèyàn máa wọ̀n.

Igun ló kù. Wá prótírátọ̀ ọmọ iléèwé, ike bíró tó ti gbẹ, okùn àti nọ́ọ̀tì kan. Lẹ ike bíró mọ́ etí prótírátọ̀ tó gún régé, so okùn mọ́ àárín etí náà, kí nọ́ọ̀tì fà á wálẹ̀. Bó o bá ń yọjú nínú ike bíró wo ọ̀kánkán, orí 90 ni okùn máa wà. Gbé e sókè wo orí òpó, okùn á sún kúrò. Iye tó fi sún ni igun rẹ.

Wá ibi tí igun ti jẹ́ 45. Níbẹ̀, bí o ṣe jìnnà sí ìdí òpó ni orí òpó ṣe ga ju ojú rẹ lọ. Ògiri ò ní jẹ́ kó o wọ̀n ọ̀nà yẹn, torí náà sàmì síbẹ̀, kó o máa fi ẹ̀yìn rìn lọ tààrà títí igun á fi di 30. Ibi tó o fi ẹ̀yìn rìn yẹn nìkan ni wàá wọ̀n.

Ìdí rèé. Tẹ tan 30 lórí kalikulétọ̀, á fún ọ ní 0.577. Fi í pín 1, ó di 1.732. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé níbi tí igun ti jẹ́ 30, ọ̀nà tó wà láàárín ìwọ àti òpó jẹ́ gíga náà lọ́nà 1.732; níbi 45, ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ìyàtọ̀ wọn, 0.732, lo rìn. Bó o bá rìn mítà 22, fi 0.732 pín in: 30. Fi gíga ojú rẹ kún un, ká ní mítà 1.5, òpó di mítà 31.5. Ní bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ọgbọ́n ibi méjì yìí ni onímọ̀ ìṣirò kan tó ń jẹ́ al-Biruni fi wọn gíga òkè kan ní ilẹ̀ tó di Pakistan lónìí, ó sì ti ibẹ̀ ṣírò bí ayé ṣe tóbi tó.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n yìí ò gba àṣìṣe. Bó bá jẹ́ 31 ni igun kejì, tó o pè é ní 30, òpó yẹn ti fi mítà mẹ́ta ga ju ohun tó o kọ sílẹ̀. Ilẹ̀ tó dagun náà á tàn ọ́ jẹ. Nítorí náà, wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, kó o sì mú ẹnì kan dání: ìwọ á máa wo orí òpó, òun á máa ka okùn, á sì tún máa bá ọ wo ọ̀kadà tó ń bọ̀ lẹ́yìn.