Ọ̀já Etídò: Àbá Ọ̀rọ̀ Kan láti inú Igbó Ọ̀ṣun

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì a máa bá ọ̀rọ̀ kan pàdé tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ilẹ̀ tóóró onígi tí ó bá odò lọ, tí ẹranko àti ẹyẹ ń gbà kọjá láti igbó kan sí òmíràn. Inú ilé ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀nà tóóró tí ó wà láàrin yàrá ni. Nítorí náà, atúmọ̀ lè fẹ́ pè é ní "ọ̀dẹ̀dẹ̀ odò". A kò fara mọ́ ọn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ibi ìkọjá lásán. Ibẹ̀ ni àgbà ń jókòó sí, ibẹ̀ ni a ti ń gba àlejò. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé ibi ìgbafẹ́ létí omi ni à ń wí. "Igbó etídò" sàn jù ú lọ, ṣùgbọ́n kò sọ pé igbó náà gùn, kò sì sọ pé kò gbọdọ̀ já.

Kí a tó dábàá tiwa, ẹ jẹ́ kí a lọ wo ohun náà fúnra rẹ̀. Igbó Ọ̀ṣun wà ní ẹ̀bá ìlú Òṣogbo, ó sì tó hẹ́kítà 75. Ní ọdún 1965 ni ìjọba kọ́kọ́ kà á sí ibi ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 2005, UNESCO fi í sí ara àwọn ibi àjogúnbá gbogbo àgbáyé. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Ọ́sítríà tí ó dé Nàìjíríà ní ọdún 1950, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà tún ojúbọ ibẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni ìpìlẹ̀ ààbò igbó yìí: a kì í ṣọdẹ níbẹ̀, a kì í pẹja, a kì í gé igi.

Ẹni tí ó bá ti inú oòrùn ìlú wọ abẹ́ igi wọ̀nyí yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára, nítorí pé ibẹ̀ tutù. Yóò rí ọ̀bọ lórí ẹ̀ka. (Kí olùkọ́ má kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ ní ọjọ́ ọdún Ọ̀ṣun, ní oṣù Kẹjọ, èrò ni wọn yóò rí.) Kí wọn sún mọ́ bèbè odò, kí wọn wo bí gbòǹgbò ti di iyẹ̀pẹ̀ mú kí omi má baà wó o lọ. Bí òjò bá rọ̀, ewé tí ó ti jábọ́ sílẹ̀ yóò dín eré àgbàrá kù, ẹrẹ̀ inú rẹ̀ yóò sì rọlẹ̀ kí ó tó dé odò. Ewé tí ó bọ́ sínú omi di oúnjẹ fún kòkòrò, kòkòrò sì di oúnjẹ fún ẹja.

Ní Ìbàdàn, ilé ti dé etí Ògùnpa, pàǹtí sì ti dí ojú omi, kí omíyalé ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, tó dé. 

Ọ̀já ni ọ̀rọ̀ tí a dábàá: ọ̀já etídò. Ọ̀já tí ìyá fi ń so ọmọ mọ́ ẹ̀yìn gùn ju bí ó ti fẹ̀ lọ. Ó ń di nǹkan mú. Bí ó bá já níbì kan, èyí tí ó kù kò wúlò mọ́. A lè sọ pé "ìbú ọ̀já", "ọ̀já tí ó já", àti "títún ọ̀já so" fún iṣẹ́ gbígbin igi padà sí àlàfo. Kìkì pé kí òǹkọ̀wé fi àmì ohùn sí i, kí ó má baà di ọjà etídò!

Òṣogbo fúnra rẹ̀ fi hàn ìdí tí jíjá fi gbọdọ̀ wà nínú ìtumọ̀. Láti ọdún mélòó kan, omi Ọ̀ṣun ti rú, ó sì ti pọ́n. Iṣẹ́ wíwa wúrà ní òkè odò, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ni a ń dá lẹ́bi. Ní ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn èrò ọdún pé kí wọn má mu ún. Igi inú igbó lè sẹ́ àgbàrá tí ó ti ẹ̀gbẹ́ wá, ṣùgbọ́n kò lè sẹ́ ẹrẹ̀ tí odò ti gbé dání kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.