Òdòdó Orí Gàtó: Ẹ Má Jẹ́ Kí Ooru Jẹ Èrè Yín
Ọ̀rọ̀ yìí wà fún ẹ̀yin tí ń ṣe gàtó ìgbéyàwó ní Ko-Koumolou. Bí òdòdó bá yọ́ lójú ọ̀nà, owó yín ló bá a lọ. Ooru ọwọ́ lásán lè mú bọ́tà rọ̀. Nítorí náà, ẹ fi ọ̀rá funfun líle rọ́pò ìdajì bọ́tà, kí ẹ sì ṣe é ní ìdájí.

Ẹ tẹ ṣóńṣó kan sórí ìṣó olórí fífẹ̀. Ibi tó gbòòrò lára irin ẹnu àpò ni kó wà nísàlẹ̀, ibi tó tín-ín-rín lókè. Ẹ máa yí ìṣó bí ẹ ṣe ń tẹ ewé yí i ká: 3, lẹ́yìn náà 5, lẹ́yìn náà 7. Bí àpò bá rọ̀, ẹ gbé e lé omi dídì.

Kí ẹ tó gba iṣẹ́ Ifangni, ẹ gbé òdòdó kan sábẹ́ igi fún wákàtí kan. Ṣé ó dúró? Ẹ gbowó.