Kán-ún: Iyọ̀ Tí A Kò Kà Kún Iyọ̀

Bí èèyàn bá dúró níwájú ìsọ̀ àwọn tó ń ta èlò ọbẹ̀ ní Ọjà Igbó, ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò ní pẹ́ kí ojú rẹ̀ tó bọ́ sí kán-ún. Òmíràn funfun bí eérú, òmíràn pọ́n díẹ̀. Ó le, ó rí págunpàgun, ọmọ ọlọ la fi ń fọ́ ọ. Ẹ fi ahọ́n kàn án: kò dùn bí iyọ̀ ọbẹ̀, ó fẹ́ jọ ọṣẹ lẹ́nu. Ẹni tó ra iyọ̀ tó sì ra kán-ún á ní nǹkan méjì lòun rà. Olùkọ́ kẹ́mísìrì á ní iyọ̀ méjì ni.

Ní kíláàsì, ohun tí ásíìdì àti álíkálì bá bí nígbà tí wọ́n pàdé là ń pè ní iyọ̀. Ọmọ náà sì máa ń jọ òbí tó bá lágbára jù. Òbí méjèèjì tó bí iyọ̀ ọbẹ̀ ló lágbára, ìdí nìyẹn tí omi rẹ̀ kì í fi pa àwọ̀ bébà litmus dà. Ti kán-ún yàtọ̀. Ásíìdì rẹ̀, èyí tó ti ara gáàsì tí à ń mí síta wá, kò lágbára. Álíkálì ló borí. Ẹ ti bébà litmus pupa bọ omi kán-ún, aró ló máa dà. Ti álọ́ọ̀mù tí a fi ń mú kí ìdọ̀tí omi rọlẹ̀, òdìkejì ni: bébà aláró ló ń sọ di pupa.

Ibi tí mo ti gbádùn ìmọ̀ yìí jù ni ìdí ààrò. Ewé tó bá pẹ́ lórí iná máa ń ṣì láwọ̀, torí ásíìdì inú ewé náà ló ń ba àwọ̀ rẹ̀ jẹ́. Kán-ún díẹ̀ nínú ewédú á pa ásíìdì yẹn lẹ́nu mọ́. Ewédú á rọ̀, á fà, àwọ̀ rẹ̀ á sì dúró. Kán-ún tún ń tú ohun tó so ara ẹ̀wà pọ̀, kí ẹ̀wà gbẹ̀gìrì lè tètè jinná. Àmọ́ ó ń ba fítámì B1 inú ẹ̀wà jẹ́, n kò sì rí ìdí tí a fi ń dà á sí ẹ̀wà tí a ti rẹ sómi mọ́jú.

Ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ lé kán-ún lórí, á hó ṣùùṣù. Gáàsì kábọ́n-dàìọ́sáìdì ló ń sá jáde yẹn, ìdánwò tí wọ́n sì fi ń dá kábọ́nétì, irú iyọ̀ tí kán-ún jẹ́, mọ̀ nílé ẹ̀kọ́ nìyẹn. Àwọn tó ń lọ aáṣáà náà mọ agbára rẹ̀: kán-ún tí wọ́n ń lọ̀ mọ́ tábà ló ń tú nikotíìnì sílẹ̀ tó fi ń tètè gun orí.

Agbègbè adágún Chad ni wọ́n ti ń gbé kán-ún wá láti ayébáyé, ràkúnmí ló ń rù ú kí ọkọ̀ tó dé. Orúkọ rẹ̀ sì jọ kanwa tí àwọn Haúsá ń pè é. Láàárín òkìtì iyanrìn níbẹ̀, oòrùn á fa omi gbẹ, kán-ún á ṣẹ́kù. Bó ti le tó yẹn, omi ṣì wà nínú rẹ̀: Na₂CO₃·NaHCO₃·2H₂O.

Ẹ wo lẹ́tà wọ̀nyẹn dáadáa. Potash là ń pè é bí a bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ potash gidi, inú eérú ló ti ń jáde, irú èyí tí a fi ń se ọṣẹ dúdú. Inú irú rẹ̀ ni onímọ̀ kẹ́mísìrì Humphry Davy ti yọ pòtásíọ̀mù lọ́dún 1807, orúkọ potash ló sì fi sọ ọ́. Sódíọ̀mù, ìyẹn Na inú àwọn lẹ́tà yẹn, ló kún inú kán-ún tiwa, ọ̀kan náà tó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀. Ẹni tí dókítà bá ní kó dín iyọ̀ kù, tó ń bu kán-ún sí ewédú lójoojúmọ́, kò tíì dín in kù tó.